Àlejò Tó Wá Ta Fayolíìnì Lọ́dún Yẹn

Ilé wa ní Ọ̀fà kì í dákẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ báyìí, ìgbálẹ̀ Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni wàá kọ́kọ́ gbọ́, tí yóò máa gbá ọgbà láti ẹnu géètì títí dé ìdí kànga, tí yóò sì máa fi imú kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni tó ń bá ẹnì kan jà. Lẹ́yìn náà ni ewúrẹ́ rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mummy, tó jẹ́ tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, yóò máa pariwo láti ilé ìdáná pé ta ló tún gbé ọ̀bẹ òun. Daddy yóò yí rédíò sókè kó lè gbọ́ ìròyìn kó tó lọ síbi iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Ilémọnà, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa yóò sì wúkọ́ títí kó tó mú. Láàárín gbogbo ariwo yìí ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sister Dúpẹ́, yóò ti fi fayolíìnì rẹ̀ há abẹ́ àgbọ̀n, tí yóò máa ta á lọ, kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi ni àbíkẹ́yìn. Èmi ni mo máa ń fọ ànàmọ́ tí a fẹ́ sè láàárọ̀, mo sì rò nígbà yẹn pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ayé ṣe ń dún. Ọdún kan ṣoṣo ni mo rántí tí ilé náà dákẹ́, tó dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán láti ara okùn sínú kànga. Ẹnikẹ́ni kò kú nílé wa lọ́dún náà. Àlejò la gbà.

Ẹni tí kò bá mọ Ọ̀fà dáadáa lè máà gbà pé a ní ọ̀kẹ́sítírà. A ní in. Kì í ṣe ti ìjọba, kì í sì í ṣe ti olówó kankan. Ti ará ìlú ni. Àwọn tíṣà wà níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ poli wà níbẹ̀, télọ̀ kan wà tó máa ń fun fèrè dúdú gígùn kan, nọ́ọ̀sì kan sì wà tó máa ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tòun ti aṣọ funfun rẹ̀ láti wá lu ìlù ńlá ẹ̀yìn. Gbọ̀ngàn ìjọ wa ni wọ́n ti máa ń pàdé lọ́sàn-án Sátidé. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ tíṣà ló ń darí wọn, Daddy Músíìkì ni gbogbo wa sì ń pè é. Daddy Músíìkì ti ń bá orin kan jìjàkadì fún ìgbà pípẹ́, orin gígùn tí òun fúnra rẹ̀ kọ, tí fayolíìnì méjì yóò dá ta níwájú, tí gbogbo àwọn yòókù yóò máa gbè wọ́n lẹ́yìn. Fayolíìnì kìíní á bi ìbéèrè, èkejì á dáhùn, wọ́n á tún yí i padà. Ó ní òun kò fẹ́ àgbàlagbà fún un, pé ọwọ́ àgbàlagbà ti mọ ìbẹ̀rù jù. Sister Dúpẹ́, tí kò tíì jáde iléèwé girama, ni yóò ta ti àkọ́kọ́. Ẹni tí yóò ta èkejì ni kò rí, àfi lọ́jọ́ Ìsinmi kan tó lọ bá wọn jọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní Ìjagbó. Bó ṣe ti ibẹ̀ dé, ilé wa ló wá tààrà, tòun ti eruku lára.

“Mo ti rí i,” ló wí fún Daddy, kò tíì jókòó. “Ìbùkún lorúkọ rẹ̀. Ẹ bá mi gbà á sílé títí di ọjọ́ Ajé Àjíǹde tí a ó ta orin yìí, torí ojoojúmọ́ ni mo fẹ́ kí òun àti Dúpẹ́ máa jọ ta á.”

“Ta ni bàbá rẹ̀?”

“Ìyá rẹ̀ ni mo rí.”

“Mo ní ta ni bàbá rẹ̀, sà.”

“Ẹ̀yin náà! Ṣé bàbá rẹ̀ ló fẹ́ wá ta fayolíìnì ni?”

Bẹ́ẹ̀ ni Ìbùkún ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, nínú ooru gbígbóná tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀. Ìyá rẹ̀ ló mú un wá lórí ọ̀kadà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn kékeré kan. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá Àgbà, ó kúnlẹ̀ kí Mummy, ó sì fẹ́ kúnlẹ̀ kí Sister Dúpẹ́ pàápàá, bí kì í bá ṣe pé wọ́n tètè dì í mú. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àpótí fayolíìnì, ó ga, ó dúdú, ojú rẹ̀ tutù. Nígbà tí obìnrin náà ń lọ, mo tẹ̀ lé òun àti Mummy dé géètì, torí pé ọmọ tó máa ń tẹ̀ lé àgbà kiri ni mí. Ó ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán an lọ sọ́jà.”

Mummy rẹ́rìn-ín. “Ṣé wọ́n sọ fún yín pé a máa ń fi àlejò ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ níbí ni?”

“Rárá o, mà. Ẹ lè fi í lọ ata, ẹ lè fi í pọnmi. Ọjà nìkan ni. Bí àlejò tí ẹ kò retí bá sì dé, ẹ kàn jẹ́ kó wọlé lọ.”

“Ṣé kò sí nǹkan?”

“Kò sí, mà. Kò kàn fẹ́ràn èrò ni.” Ó wá wo ọmọ náà láti òkèèrè fún ìgbà díẹ̀, kò gbá a mọ́ra, kò juwọ́ sí i, ó gun ọ̀kadà, ó lọ. Mo ti ní ọmọbìnrin tèmi báyìí, kò sì sí ìgbà tí mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí mi ò padà sẹ́yìn lọ fi ẹnu kàn án lórí. Ìdí nìyí tí mo fi ń rántí pé obìnrin yẹn kò padà.

Yàrá èmi àti Sister Dúpẹ́ ni wọ́n fi Ìbùkún sí. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé kò ṣe bí àwọn ọmọbìnrin tí mo mọ̀. Wọ́n á pè é, “Ìbùkún!” Kò ní dáhùn. Wọ́n á tún pè é, yóò máa wo ọwọ́ rẹ̀. Àfi bí mo bá fọwọ́ kàn án kó tó ta jí, á ní, “Ṣé èmi ni?” Bí ẹnì kan bá kan géètì, yóò ti parẹ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná kí èmi tí mo jókòó tì í tó mọ̀ pé ó dìde. Nígbà tí Daddy ra fóònù tuntun tó ń ya fọ́tò, tó ní kí gbogbo wa tò sídìí igi máńgòrò, Ìbùkún wà láàárín wa, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wo fọ́tò náà, apá kan lásán ni mo rí tó jáde láti ẹ̀yìn Mummy, kò sí orí, kò sí ojú. Daddy rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ yìí máa ń tijú. Màmá Àgbà gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó títí, ó sì dá a padà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti rí i pé tí a bá ń jẹun, ojú Màmá Àgbà kì í kúrò lára ọwọ́ ọmọ náà, bíi pé ó fẹ́ rí i bóyá lóòótọ́ ni ẹ̀kọ yẹn ń dé ọ̀nà ọ̀fun.

Bó ṣe ń ta fayolíìnì wá ńkọ́? Ti Sister Dúpẹ́, bí a ṣe ń gbọ́ ọ la ṣe ń bá iṣẹ́ wa lọ. Àárín àwa àti ariwo ló ń gbé. Ti Ìbùkún kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò ló máa ń dúró sí lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn bá gún orí páànù tó ń ta pa-pa. Tó bá fa ọ̀pá sórí okùn, ohùn yẹn kì í bẹ̀rẹ̀, àfi kí o kàn rí i pé ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Mummy tó ń gún ata yóò gbé ọmọ odó dúró lókè. Ewúrẹ́ yóò jẹun dé àárín, á dúró. Mo rántí ọ̀sán kan tí gbogbo ilé dákẹ́ bẹ́ẹ̀ títí ó fi ta orin rẹ̀ tán, tí a sì tún dákẹ́ lẹ́yìn tó tán, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò mira. Sister Dúpẹ́ ló máa ń fọ́ ọ nígbà gbogbo.

“Ìwọ, ṣé o tiẹ̀ máa ń mí tí o bá ń ta á?”

“Mo máa ń mí.”

“Mo dúró tì ọ́ gan-an, mi ò gbọ́ ọ.”

“Ṣé kí n máa mí bíi tìrẹ, bíi jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò?”

Àwọn méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín, á wá dà bíi pé kò sí nǹkan kan. Torí ó ń rẹ́rìn-ín o, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé kì í rẹ́rìn-ín. Òun ló máa ń di irun mi, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́, kì í fa orí ya bíi ti Sister Dúpẹ́. Ó máa ń fi wàrà tirẹ̀ sílẹ̀ fún mi nínú ọbẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹ̀gbọ́n tí ìyá mi bí fún mi lọ, mo sì ń bẹ̀rù rẹ̀, nínú ọkàn kan náà.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún Àjíǹde dé ni Ìyá Onírú yọjú. Ìlú kan tó jìnnà sí Ọ̀fà, tí mi ò ní dárúkọ, ló ti máa ń gbé irú wá. Oníbàárà Màmá Àgbà ni láti ìgbà tí Daddy wà lọ́mọdé, àwàdà wọn kì í sì í tán. Lọ́jọ́ yẹn, kò kan géètì. Ẹ̀yìn ló gbà wọlé, torí pé ewúrẹ́ ti já ọgbà níbẹ̀. “Ìyá arúgbó, ẹ ò tíì kú?” ni ìkíni rẹ̀.

“Irú rẹ tó ń rùn yìí ló ń jí mi padà,” Màmá Àgbà dáhùn.

Ìbùkún wà nídìí kànga, ó ń fa omi, ẹ̀yìn ló kọ sí wa. Ó gbọ́ ohùn Ìyá Onírú. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ dúró. Ó fi okùn sílẹ̀, korobá ré bọ́ sínú kànga, ó sì rìn wọnú ilé, kò sáré, kò wẹ̀yìn. Ìyá Onírú rí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ bó ṣe ń kọjá. Igbá irú tó wà lórí rẹ̀ kò bọ́, ṣùgbọ́n ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun tigbá lórí, bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀.

“Ta lọmọ yẹn?”

“Ìbùkún ni. Òun àti Dúpẹ́ ló fẹ́ jọ ta fayolíìnì lọ́dún Àjíǹde.”

“Ìbùkún kọ́. Àbẹ̀kẹ́ nìyẹn. Ọmọ àdúgbò wa ni. Màmá, ọmọ yẹn ti kú.”

“Kí lò ń sọ?”

“Ó ti kú! Ìyá rẹ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn ní ọ̀nà jíjìn kan báyìí, wọ́n ránṣẹ́ padà pé ó ti kú, pé wọ́n ti sin ín síbẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Mo bá bàbá rẹ̀ kẹ́dùn. Orí ẹní kan náà ni a jọ jókòó, mo sì sunkún.” Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Ìyá rẹ̀ náà kò padà wálé láti ìgbà náà.”

Màmá Àgbà rí mi. Ó ní kí n lọ wá ìkọ́ tí a ó fi yọ korobá. Mo lọ, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù, torí kò sí ọmọ Yorùbá tí wọn kì í sọ ọ́ fún. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé tó bá kú, ó lè dìde lọ sí ìlú mìíràn tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, kó ní orúkọ mìíràn, kó kọ́ṣẹ́, kó máa jẹ, kó máa mu láàárín àwọn èèyàn. Àkúdàáyà nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ sí i ni kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ wá pàdé rẹ̀ lójúkojú, kó pe orúkọ tó ń jẹ́ nígbà tó wà láyé. Lójú ẹsẹ̀ ni yóò pòórá.

Daddy bínú nígbà tí wọ́n sọ fún un. Ó ní nínú ilé onígbàgbọ́! Mummy ní òun kò tíì rí òkú tó ń jẹ ẹ̀kọ òun bẹ́ẹ̀ rí, pé òun sì ni òun ń fọ abọ́ rẹ̀. “Ẹ jẹ́ ká pe ọmọ náà, ká bi í,” ni Mummy wí. Màmá Àgbà ní rárá. Ó ní bí wọ́n bá bi ènìyàn léèrè bóyá ó ti kú, ìwọ̀sí ni. Bí kò bá sì í ṣe ènìyàn, kí ni ẹ fẹ́ kó dá yín lóhùn? Ó ní kí wọ́n má lé e, kí wọ́n má sọ fún Daddy Músíìkì. Kí Ìyá Onírú wá jókòó síwájú nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, níbi tí ọmọ náà kò ti ní rí ilẹ̀kùn sá sí. “Bó bá jẹ́ ènìyàn, yóò ta orin rẹ̀ tán. Bí kò bá jẹ́ ènìyàn, ibi tó dúró sí yóò ṣófo, olúkúlùkù yóò sì lọ sílé rẹ̀.” Daddy kò gbà, ṣùgbọ́n kò tún sọ pé kí wọ́n má ṣe é. Mo rò pé òun náà ti ń wo fọ́tò inú fóònù yẹn.

Ẹ bá mi wo bí nǹkan ṣe rí fún ọmọdé tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án tó bá ń sùn, màá gbé ọwọ́ sí iwájú imú rẹ̀; afẹ́fẹ́ ń jáde, ṣùgbọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí ni. Màá wo òjìji rẹ̀ lára ògiri, màá tún wo tèmi, màá fi wọ́n wé ara wọn. Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó ti ìdí kànga dé, ó tutù, mo sì sá lọ bá Mummy, mi ò lè sọ ohun tó ṣe mí. Tí wọ́n bá wà lábẹ́ máńgòrò tí àwọn méjèèjì ń ta á, tí Sister Dúpẹ́ bá bi ìbéèrè tí Ìbùkún sì dáhùn, ó máa ń ṣe mí bíi pé ìdáhùn yẹn ti ọ̀nà jíjìn wá. Gbogbo àdúrà mi nígbà yẹn ni pé kí Ìyá Onírú ṣàìsàn, àìsàn kékeré, tí kò ní jẹ́ kó wá.

Sister Dúpẹ́ ni kò lè pa á mọ́ra. Òun àti Ìbùkún ń fọ aṣọ ní ẹ̀yìnkùlé, èmi ń sá a sórí okùn. Sister Dúpẹ́ kàn sọ ọ́ jáde ni: “Wọ́n ní o ti kú.”

Ìbùkún kò gbé orí sókè. Ó ń fọ ọrùn ẹ̀wù funfun tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ náà. “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ìyá Onírú. Wọ́n sì ń bọ̀ ní gbọ̀ngàn.”

“Ṣé iwájú ni wọ́n máa jókòó sí?”

“Iwájú ni.” Sister Dúpẹ́ dúró dè é. “O ò wá ní sọ fún mi pé o ò tíì kú?”

“Ṣé bí mo bá sọ ọ́, wàá yéé wò mí báyẹn?” Ó fún ẹ̀wù náà, ó na án sí mi kí n sá a. “Dúpẹ́, bí nǹkan kan bá ṣe mí lọ́jọ́ náà, kí ìwọ máa ta tìrẹ lọ o. Jọ̀ọ́.” Sister Dúpẹ́ kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo mọ̀ pé ó bẹ Daddy Músíìkì pé kó yí ọjọ́ padà, ìyẹn sì ní ṣé orí rẹ̀ pé.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde pé, òjò sì ṣú láti ọ̀sán. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Wọ́n mú iná lọ, fáànù kò yí, ojú ọ̀run dúdú débi pé àwọn olórin ń tẹ orí mọ́ ìwé wọn láti rí i. Èmi wà láàárín Màmá Àgbà àti Ìyá Onírú ní ìjókòó iwájú pátápátá, òórùn irú sì wà lára aṣọ ọdún rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì jáde, nínú ẹ̀wù funfun àti síkẹ́ẹ̀tì dúdú, mo gbọ́ tí Ìyá Onírú fa èémí wọnú, tí kò sì dá a padà. Ìbùkún kò wo apá ọ̀dọ̀ wa. Daddy Músíìkì gbé ọwọ́ sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Apá kìíní yá kíákíá, ó lọ dáadáa, àwọn èèyàn ń mi orí. Apá kejì ló falẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn yòókù ti máa ń rẹlẹ̀ bí ẹni tó ń mí lójú oorun, tí Sister Dúpẹ́ yóò bi ìbéèrè kan, ìbéèrè kúkúrú, tí Ìbùkún yóò wá dá a lóhùn. Sister Dúpẹ́ bi í. Inú àyè kékeré tó wà kí ìdáhùn tó dé ni Ìyá Onírú ti dìde dúró.

“Àbẹ̀kẹ́!”

Mo di ojú mi. Òótọ́ ni mò ń sọ. Mo di ojú mi torí mi ò fẹ́ rí i bó ṣe máa lọ. Mo gbọ́ tí ọ̀pá yọ̀ lórí fayolíìnì Sister Dúpẹ́, ó han lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Mo gbọ́ tí fèrè télọ̀ ṣìnà. Mo gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́yìn ń pe Jésù. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìdáhùn, ohùn yẹn tí kì í bẹ̀rẹ̀, tó kàn máa ń wà níbẹ̀. Mo lajú. Ìbùkún ti yí padà sí wa. Ojú rẹ̀ wà nínú ojú Ìyá Onírú, ó sì ń ta orin rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí Sister Dúpẹ́ yẹ kó tún bi ìbéèrè, tí Sister Dúpẹ́ kàn dúró, Ìbùkún bi ìbéèrè náà fúnra rẹ̀. Ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, ohùn ẹni méjì láti ọwọ́ ẹnì kan, ohùn kan sún mọ́ wa, ohùn kejì jìnnà, tí mo fi ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Kò ṣẹ́jú. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lórí páànù, a sì ń gbọ́ ọ síbẹ̀. Daddy Músíìkì, tí òógùn bò, kò sọ ọwọ́ kalẹ̀. Kó tó di pé apá náà tán, Sister Dúpẹ́ gbé fayolíìnì padà sábẹ́ àgbọ̀n, ẹkún ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì gba ìbéèrè rẹ̀ padà. Wọ́n ta á tán. Ariwo àtẹ́wọ́ bo ti òjò mọ́lẹ̀.

Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn náà, níbi tí wọ́n máa ń kó aṣọ kọ́yà sí. Ibẹ̀ ni Ìyá Onírú àti Màmá Àgbà lọ bá a, èmi náà sì tẹ̀ lé wọn. Ìbùkún kúnlẹ̀ nígbà tó rí wọn. “Ẹ káàsán, mà.” Ìyá Onírú sún mọ́ ọn. Ó gbé ọwọ́ lé e ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó fà á ní etí, ó tẹ apá rẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ búrẹ́dì wò.

“Ó gbóná,” ló sọ fún Màmá Àgbà. “Màmá, ara rẹ̀ gbóná.” Ó wá yí sí ọmọ náà. “Àbẹ̀kẹ́, bàbá rẹ sunkún. Kí ni ìyá rẹ dá yìí?”

Ìbùkún kò dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, “Mà, ṣé ẹ rántí àwọn àbúrò mi tó ń kú?”

“Mo rántí.”

“Ṣé ẹ rántí ohun tí wọ́n ń sọ nínú ilé wa? Pé èmi ni mò ń pa wọ́n? Tí wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọmọ mọ́? Tí wọ́n ń fún mi lóúnjẹ níta?”

Ìyá Onírú wo ilẹ̀. “Èmi kò sọ ọ́.”

“Ẹ ò sọ ọ́, mà. Ìyá mi gbọ́ ohun tí àwọn ará ilé fẹ́ fi mí ṣe, ni wọ́n bá gbé mi jáde, wọ́n ní àìsàn ni, wọ́n sì ránṣẹ́ padà pé mo kú.” Ó gbé ojú sókè. “Láti ìgbà náà ńkọ́, mà? Ṣé ọmọ kankan tún kú nílé wa?”

Òjò ń rọ̀. Mo rí i tí Ìyá Onírú ń ronú, tó ń ka ilé náà láti yàrá dé yàrá lọ́kàn rẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì ń yí padà. “Kò sí,” ló wí nígbẹ̀yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Ìyàwó kékeré bí ọkùnrin kan. Ó ti ń sáré kiri.”

“Ṣé ẹ rí i? Bí wọ́n bá gbọ́ pé mo wà láyé, tí orí kàn fọ́ ọmọ yẹn lásán, wọ́n á wá mi dé ibikíbi.” Ó di etí aṣọ rẹ̀ mú. “Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ má jí mi. Ẹ jẹ́ kí n kú síbẹ̀.”

Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá àwọn ará ilé rẹ̀ nìkan ló ń bẹ̀rù, tàbí bóyá òun náà, nínú ọkàn rẹ̀ lọ́hùn-ún, gbà pé ikú òun ló ń dá ọmọ yẹn sí. Bó ṣe béèrè rẹ̀ kò jọ ti ẹni tó mọ ìdáhùn. Mo sì máa ń ro ti ìyá rẹ̀ nígbà tí mo bá ń fún ọmọ mi lọ́mú. Mi ò lè fi ẹnu mi sọ ọ́, kódà kí ẹ gbé ìbọn tì mí, pé ọmọ mi ti kú nígbà tó wà lẹ́yìn mi tó ń mí. Obìnrin yẹn sọ ọ́, ó ránṣẹ́ ọ̀hún, ó sì jẹ́ kí gbogbo ìlú ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Nísinsìnyí ni mo mọ ìdí tí kò fi juwọ́ sí i ní géètì wa lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ti sin ọmọ lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ́ dágbére mọ́.

Àwọn èèyàn ti kún ẹnu ilẹ̀kùn. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Màmá Àgbà ló ṣáájú, torí gbogbo gbọ̀ngàn ló gbọ́ orúkọ tí wọ́n pè. Ọ̀kan nínú wọn na ọrùn wọlé. “Ìyá Onírú, ṣé ẹni tí ẹ pè náà ni?”

Màmá Àgbà yíjú kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ń wo Ìyá Onírú, gbogbo wa ń wò ó. Ìyá Onírú wo ọmọ tó wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, bíi pé ó fẹ́ gbé e sọ́kàn, ó sì yí sí ẹnu ilẹ̀kùn.

“Rárá o,” ló wí. “Òjò ló ṣú mọ́ mi lójú. Ó kàn jọ ọ́ ni. Ọmọ tiwa ti kú, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbẹ̀kẹ́ wa ti kú.” Bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀ báyìí ni ẹkún gbé e, kì í ṣe ẹkún ètè, ẹkún tó ń mi gbogbo ara ni, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá túfọ̀ rẹ̀ fún un. Àwọn obìnrin ń sọ pé kó mọ́kàn le, kó mọ́kàn le. Ìbùkún dìde. Ó dojú kọ ọ́, ó tún kúnlẹ̀, ó tẹrí ba fún un, bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo ọmọ tó ní ilé láti ṣe níwájú àgbà tó ń ṣọ̀fọ̀.

“Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn, mà,” ló wí. “Ọlọ́run á dá àwọn tó kù sí.”

“Àmín,” ni Ìyá Onírú wí.